Wọ́n Ní Àwa La Dá Òjò Dúró

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n lè pa mí, omi ni mo ń wọ̀n. Mo dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n irin tí a fi ń mọ bí oòrùn ṣe ń fa omi tó, mo di ojú kan, mo ń fi ìkejì wo àmì tó wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo gbé orí sókè, mo rí i pé àwọn àgbà ìlú ti jókòó yí ọgbà wa ká. Wọ́n tẹ́ ẹní. Wọ́n gbé kẹ́tùlù tíì wá. Kò sí ẹni tó mú igi tàbí àdá lọ́wọ́ nínú wọn, ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Ẹni tó gbé igi wá lè jà kó sì máa lọ sílé rẹ̀. Ẹni tó gbé tíì wá ti múra láti pẹ́.

Málàm Gárbà, tó jẹ́ baálẹ̀ wọn, kí mi dáadáa. Ó béèrè àlàáfíà mi, ó béèrè ti àwọn ará ilé mi, ó béèrè bóyá ó rẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "A ò bínú o. Ohun tí a fẹ́ kò ju pé kí ẹ jẹ́ kó máa bọ̀."

Mo ní, "Kí ni, Málàm?"

Ó fi ìka kan tọ́ka sókè, níbi tí kò ti sí nǹkan kan àfi oòrùn. Ó ní, "Òjò."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Thamesmead, ní London níbí, lẹ ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ nípa iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ó yàn. Àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ tiwọn. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ti kọ. Auntie tó ní ṣọ́ọ̀bù létí Powis Street náà ti kọ, ó tiẹ̀ fi fọ́tò sí i. Èmi ló kù. Iṣẹ́ tèmi ni wíwọn ọ̀dá, ìyẹn ni pé kí èèyàn máa wo ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ, kó máa sọ bó ṣe gbẹ tó, kó sì kìlọ̀ kó tó pa èèyàn. Mi ò ní dárúkọ ìlú tí mo ti ṣe é. Ó wà ní òpin òkè Ọya, níbi tí aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ti tó. Èèyàn tó máa ń ṣọ́ra ni mí.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn. Mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo ṣe kọ́ọ̀sì kúkurú kan, ìjọba ń wá ẹni tó máa lọ síbẹ̀, àwọn tó gbọ́n kò lọ, èmi sì lọ. Owó oṣù náà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Bámgbọ́lá. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí n tó dé, ó sì ti gbẹ bí ilẹ̀ ibẹ̀. Kì í rẹ́rìn-ín. Mo bá a gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di òní mi ò lè sọ fún yín bí eyín rẹ̀ ṣe tò. Nǹkan mẹ́ta là ń wọ̀n: òjò tó bá rọ̀ sínú agolo kan tó ní ẹnu gbọọrọ, omi inú ọpọ́n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àti bí omi ṣe jìn tó nínú àwọn kànga ìlú. Ti kànga yẹn, tẹ́ẹ̀pù gígùn kan ni a ń sọ̀ sílẹ̀, a so irin mọ́ ìdí rẹ̀, èèyàn á dẹ etí títí tó fi máa gbọ́ pó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, Ọ̀gá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan èyíkéyìí. Mo kàn ń tẹ̀ lé e bí ìyàwó tuntun.

Ọjọ́ tó wá gbà kí n wo ọpọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ mo wò ó. Ó ní, "Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń wo omi, sà."

"Láti òkè? Ojú rẹ àti omi gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà. Dọ̀bálẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, nínú iyanrìn tó gbóná bí ìdí ìkòkò. Mo dọ̀bálẹ̀ fún omi ju bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi lọ. Ẹ fojú inú wò ó, Yorùbá méjì, ọ̀kan arúgbó, ọ̀kan ọ̀dọ́, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún abọ́ omi kan láàárín ọgbà, tí wọ́n tún dìde tí wọ́n ń gbọn iyanrìn nù lára wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ ní ẹ̀tọ́ láti rò ó wò pé kí ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń bọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò kò ní rọ̀ fún oṣù púpọ̀, a ṣì ń wo agolo náà. Mo sọ fún Ọ̀gá lọ́jọ́ kan pé agolo gbẹ.

"Ṣé o wò ó?"

"Ọ̀gá, ta ni ò mọ̀ pé ó gbẹ?"

"Mo ní ṣé o wò ó. Gbígbẹ tí o wò yàtọ̀ sí gbígbẹ tí o rò. Padà lọ."

Mo padà lọ. Ó gbẹ. Ìgbà kan tún wà tí mo dé ibi ọpọ́n tí mo bá a tó ṣófo, tí mo sì sáré lọ sọ fún Ọ̀gá pé oòrùn ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ó tẹ̀ lé mi, ó wo ọpọ́n, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Oòrùn kì í ní pátákò." Ó wá ní kí n lọ tún wáyà ọgbà ṣe kí màlúù má tún wọlé. Bí adájọ́ ṣe ń ka òfin ló ṣe sọ ọ́.

Ọdún tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí, òjò kò dé. Ìgbà tó yẹ kó dé kọjá, kò dé. Tẹ́ẹ̀pù wa kò kan omi mọ́ nínú kànga tó jìn jù, a ní láti fi okùn kún un. Àwọn obìnrin ń lọ jìnnà kí wọ́n tó rí omi, ohun tí wọ́n sì ń gbé bọ̀ pọ́n bí ọbẹ̀. Ọ̀gá ń fi rédíò ọ́fíìsì sọ fún àwọn tó wà lókè lójoojúmọ́ pé omi ìlú yìí ń tán lọ. Ìdáhùn tí wọ́n ń fún un ni pé ká máa bá iṣẹ́ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó níwájú ilé Málàm Gárbà pẹ̀lú àwọn àgbà. Ọ̀rọ̀ òjò ni gbogbo wọn ń sọ. Lójijì ni Ọ̀gá Bámgbọ́lá, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀, wá fi Hausa sọ pé, "Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe ìnáwó, ó máa ń bẹ ẹni tó máa bá a dá òjò dúró. Mo mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ náà kò tiẹ̀ le."

Mo rò pé ayé ti dé òpin, pé Ọ̀gá ṣe àwàdà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan. Àwọn yòókù wo Ọ̀gá, wọ́n wo mí, wọ́n wá yí ojú sí ọgbà wa níbi tí ọpọ́n wà. Mo gbé ẹ̀rín náà mì, kò sì sọ̀ kalẹ̀ dáadáa.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí ẹní àti tíì.

Wọn kò fọwọ́ kàn wá. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn kí n má baà purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ń fún wa ní oúnjẹ tó dára ju èyí tí à ń sè fúnra wa lọ, nínú ọ̀dá yẹn. Wọ́n kàn bá wa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù wa ni, kó má baà sọnù. Bí mo bá sì rìn lọ sí ọ̀nà, àgbà méjì á bá mi rìn, wọ́n á máa béèrè ìlera ìyá mi títí ìtìjú á fi mú mi padà. Mo rù. Ṣòkòtò mi ń bọ́ nídìí. Ọ̀gá kò rù.

Mo sọ fún un pé, "Ọ̀gá, wọ́n máa pa wá."

"Ṣé o ti wo agolo àárọ̀?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ fẹnu fà á. Ẹ sọ fún wọn pé eré ni."

"Mo ní ṣé o ti wò ó."

"Ó gbẹ."

"O wò ó ni àbí o rò ó?"

Ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Ọ̀gá fi rédíò sọ fún ọ́fíìsì pé wọ́n ti dá wa dúró, wọ́n ní ká máa bá iṣẹ́ lọ. Lójoojúmọ́ ni Málàm Gárbà máa ń béèrè bóyá àwọn ará ọ́fíìsì wa mọ̀ pé a wà níbí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń béèrè rẹ̀ bí ẹni tó ń halẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń béèrè rẹ̀ bí ẹni tí àánú ń ṣe. Nígbẹ̀yìn, ọkọ̀ ìjọba kan dé. Kì í ṣe àwa ni ọ̀gá inú rẹ̀ wá wò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń hó, omi ló yà wá bù. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ilé-ìwé. Málàm Gárbà ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba méjì wọ̀nyí kò ní kúrò níbí títí omi yóò fi dé, yálà láti òkè tàbí láti ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà wo ojú mi dáadáa. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń hó náà, ó sì lọ.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ dé. Nígbà tí gbogbo ìyẹn ti wà nílẹ̀ tán ni òjò náà wá dé fúnra rẹ̀, bí àlejò tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti palẹ̀ oúnjẹ mọ́. Gbogbo ìlú sáré síta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọ̀gá dì mí léjìká mú, ó ní, "Má jó. Lọ wọ̀n ọ́n."

Ọjọ́ tí ọ́fíìsì wá kó wa kúrò níbẹ̀, mo ti ń sáré wọ ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yí ọkàn padà. Málàm Gárbà na ọwọ́ gba fèrèsé, ó fa orí mi mọ́ra, ó sọ sí mi létí pé, "Bí ó bá tún gbẹ, ojú tìrẹ la mọ̀. Ibikíbi tí o bá wà láyé, a ó wá ọ kàn."

Bí mo ṣe sá dé London nìyẹn, ní kúkúrú. Mo kọ́kọ́ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní Powis Street, lẹ́yìn náà ni mo rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan nítòsí odò ní Woolwich, tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ̀dá ní àwọn ilẹ̀ gbígbẹ káàkiri ayé. Iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ti yí padà. Sátẹ́láìtì ló ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè. Bí ewéko bá tutù, á hàn ní àwọ̀ ewé lójú kọ̀ǹpútà. Bí ó bá gbẹ, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn irin kan tún wà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń fi iye omi inú ilẹ̀ ránṣẹ́ fúnra wọn. Iṣẹ́ mi ni láti pe àwọn àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ lórí fóònù, kí n béèrè bóyá ohun tí wọ́n rí bá ohun tí àwòrán sọ mu. Kò sí ìdọ̀bálẹ̀. Àga tó ń yí ni wọ́n fún mi. Ó pẹ́ kí ara mi tó gbà pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Láràárọ̀, kí n tó bọ́ kóòtù, ìlú yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí lójú kọ̀ǹpútà. Mánéjà wa rò pé ìtara ni. Bí ó bá tutù, màá jẹun ọ̀sán, màá rìn gba Powis Street kọjá bí ọmọ ọba. Bí ó bá pọ́n, màá gba ẹ̀yìn, màá wọ bọ́ọ̀sì tí kò yẹ kí n wọ̀, màá sì fi fìlà bo ojú dé Thamesmead North.

Ìyàwó mi á ní, "Daddy Tólú, fìlà òtútù nínú oòrùn oṣù kẹjọ?"

"Ó gbẹ."

"Níbo?"

"Níbẹ̀."

"Èèyàn ìlú yẹn á wá wọ bọ́ọ̀sì wá sí Thamesmead láti wá mú ọ. Bọ́ọ̀sì tí àwa gan-an ń dúró dè títí."

Ẹ̀yin náà lè rántí ọjọ́ eré ìdárayá àwọn ọmọdé, nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, tí pásítọ̀ ní ká gbàdúrà kí òjò dúró. Auntie kan yíjú sí mi, ó ní, "Uncle, ẹ̀yin tí ẹ ti bá òjò ṣiṣẹ́, ẹ ṣáájú wa." Mo sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mi ò sì jáde títí òjò fi rọ̀. Ẹ rò pé inú ló ń run mí. Ẹ gbé oògùn wá. Ẹ ṣeun.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, wọ́n gba ọ̀dọ́bìnrin kan sí ọ́fíìsì wa, Háúwá, ọmọ òkè Ọya, onímọ̀ nípa ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n fi í sí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Uncle."

"O gbọ́ Yorùbá."

"Ìbàdàn ni mo ti kàwé, sà." Ó wá wo ojú kọ̀ǹpútà mi. "Ẹ wò ó, ìlú wa nìyẹn."

Mo pa á dé. Mo ní, "Ìlú wo?"

"Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa dé yẹn. Bàbá mi ni baálẹ̀ ibẹ̀."

Mo ní mo fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán. Mi ò padà wá lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà lọ, bí ó bá wọlé, èmi á rántí pé mo fẹ́ ṣe nǹkan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ náà rò pé òun ṣẹ̀ mí, ó wá ń ra pọfupọ́ọ̀fù wá fún mi. Mò ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwòrán fúnra rẹ̀, tí wọ́n ní àwọn àgbà tó bá fẹ́ lè fẹ̀yìn tì, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́.

Mo rò pé ó ti parí. Ní oṣù tó kọjá, fóònù dún, ìyàwó mi ló gbé e. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Ẹ káàbọ̀ o. Kò sí wàhálà. Ọjọ́ Sátidé dára." Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Háúwá ni, ọmọ ọ́fíìsì yín. Bàbá rẹ̀ wá kí i láti ilé. Ó ní bàbá náà fẹ́ rí ọ, pé kò ní padà láìrí ọ."

Mo sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ìlú náà pọ́n bí ata gbígbẹ.

Ní Sátidé, mo jókòó sí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo sì ti ṣí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òjò wẹ́liwẹ́li ń rọ̀. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n bá dé. Málàm Gárbà ti darúgbó, ó wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo omi gbọọrọ tó wà lẹ́yìn àwọn ilé wa, ó ní, "Gbogbo omi yìí, ta ló ń wọ̀n ọ́n?" Ó wá wọlé, ó jókòó, ó béèrè àlàáfíà mi, ó béèrè ti àwọn ará ilé mi, ó béèrè bóyá ó rẹ̀ mí.

Ó fi Hausa sọ pé, "Mo gbọ́ pé ọ̀gá rẹ ti kú."

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, Málàm."

"Èèyàn dáadáa. Òun ló wá bá mi ní ọdún yẹn. Ó ní kànga wa máa gbẹ tán, pé òun ti sọ títí, wọn ò dáhùn. Ó ní bí ìlú bá ń gbẹ, wọn kì í wá. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá há síbì kan, wọ́n á wá. Ó ní ká dá ẹ̀yin méjèèjì dúró. Ó ní òun á sọ ọ̀rọ̀ kan níwájú àwọn àgbà, kí àwọn èèyàn lè rí ìdí tí a fi ṣe é."

Ìyàwó mi, tí Háúwá ń bá túmọ̀ rẹ̀, ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ìdáná.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní ojú rẹ kò lè purọ́, pé bí o bá mọ̀, o máa rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ yẹn ló sì gbé omi wá. Ọkùnrin inú ọkọ̀ ìjọba yẹn kò wo kànga wa rárá." Ó mu tíì díẹ̀. "Ohun tí a ò rò ni pé wọn ò ní tètè wá yín. Ó ti ń di ìtìjú fún wa. Ìyàwó mi ní ká dá màlúù ìjọba kan dúró kún yín, bóyá wọ́n á yára."

Háúwá bo ẹnu. Ìyàwó mi kò bo tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Èmi ń ronú nípa Ọ̀gá, pé ó ń dọ̀bálẹ̀ síbi ọpọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tó mọ ohun tó ń ṣe, tó sì ń bi mí bóyá mo wò ó tàbí mo rò ó. Mo fẹ́ bínú sí i, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Èyí tí ẹ sọ sí mi létí nínú ọkọ̀ ńkọ́? Òun náà ló ní kí ẹ sọ ọ́?"

Málàm Gárbà dorí kodò. Ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀. "Rárá. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un. O wọ ọkọ̀ láìdágbére, ó dùn mí." Ó nu ojú rẹ̀. "Háúwá ló sọ fún mi pé ẹnìkan wà níbi iṣẹ́ wọn tó máa ń wo ìlú wa kó tó wo ibòmíràn, tó sì máa ń sá fún òun. Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé ibojì. Bí ó gbẹ, bí kò gbẹ, kò sí ẹni tó ń wá ọ. Mo mú ọ̀rọ̀ náà kúrò."

Mo ní kó jọ̀ọ́ tún un sọ, kí ìyàwó mi lè gbọ́. Ó tún un sọ. Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, torí afẹ́fẹ́ tútù ti ń wọlé.

Lẹ́yìn náà ó ní kí n fi bí a ṣe ń ṣe é nísinsìnyí han òun. Mo gbé kọ̀ǹpútà wá, mo fi ìlú rẹ̀ hàn án. Ó wo àwọ̀ pípọ́n náà pẹ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Òótọ́ ni. Bí ó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun tó ń yà á láti òkè yìí, ṣé èèyàn wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí èèyàn, Málàm."

"Ta wá ni ká dá dúró?"

Kò sí ẹni tí wọ́n ń rán lọ síbẹ̀ mọ́ láti lọ gbé. Gbogbo wa la ń wò wọ́n, kò sí ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn.

Mo ní, "Ẹ dá mi dúró. Màá bá yín lọ. Màá jókòó sórí ẹní náà fúnra mi."

Ó wo mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ tí o ti fẹ̀yìn tì? Ta ni yóò wá ọ wá?"

Ìyàwó mi dáhùn láti ìdáná, ó ní, "Èmi ni. Màá sì gbé omi wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbé bíìnì ìdọ̀tí síta."